Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ abẹ yìí: báwo ni mo ṣe lè máa fá irùngbọ̀n mi láìgé ara mi?

Ọmọ Èbúté:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ní Ìkòròdú, mo kí yín o. Nígbà tí bàbá mi papò dà ní ọdún tó kọjá, abẹ ìfárùngbọ̀n wọn wà lára ohun tó kàn mí. Abẹ àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n máa ń ṣí láti inú èèkù rẹ̀, tí wọ́n kọ Solingen, orúkọ ìlú kan ní Jámánì tí wọ́n ti ń ṣe abẹ, sí ìdí irin rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń rí i tí wọ́n ń fi í fá irùngbọ̀n ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, n kò sì rí i kí ó gé wọn rí.

Mo ti lò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta báyìí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ńṣe ló ń fa irun tu, tí omi sì ń bọ́ lójú mi. Ní ìgbà kejì, ó gé mi ní igun ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí eegun ti yọ lábẹ́ etí. Ní ìgbà kẹta, ó là mí lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ sì kán sára ẹ̀wù funfun tí mo fẹ́ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. N kò fẹ́ pa abẹ yìí tì, nítorí pé ọwọ́ bàbá mi ló ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n lò, kí ni mo ń ṣe tí kò dára?

Onígbàjámọ̀ Sábó:

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o, Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Iṣẹ́ gbàjámọ̀ ni mo ń ṣe ní Sábó, mo sì ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ tó pọ̀, nítorí náà mo lè sọ fún yín pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ló bí ìgbà kejì àti ìgbà kẹta. Abẹ tó bá ń fa irun tu ti kú. Bí abẹ bá sì ti kú, ọwọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ pé olúwarẹ̀ mọ̀ pé òun ń tẹ̀ ẹ́, ibi tí awọ ara bá ti rọ̀, tàbí ibi tí eegun bá ti yọ, ni yóò sì wọlé sí. Àwọn ènìyàn rò pé abẹ tó mú ló ń géni. Nínú gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí mo ti kọ́, abẹ tí kò mú ló gé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Abẹ tó ti wà nínú àpótí fún ọdún kan ní ìlú tó wà létí ọ̀sà yìí kò ṣe é mú jáde kí a kàn máa fi fá irùngbọ̀n. Irin inú abẹ àtijọ́ tètè máa ń dógùn-ún, ìpáàrà sì lè ti jẹ ojú rẹ̀ láìsí pé ẹ rí i. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ fún ẹni tó mọ abẹ pọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ ìlọ̀bẹ kiri àdúgbò, nítorí pé òkúta tó ń yí bírí yẹn máa ń gbóná, ojú abẹ sì tín-ín-rín ju ohun tó lè gba irú ooru bẹ́ẹ̀ lọ. Òkúta pẹlẹbẹ la fi ń pọ́n ọn, pẹ̀lú omi. A ó kọ́kọ́ lo èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1000 láti là á lójú, lẹ́yìn náà 4000, lẹ́yìn náà 8000 láti mú kí ojú náà jọ̀lọ̀. Ẹ̀yìn abẹ àti ojú abẹ gbọ́dọ̀ jọ kan òkúta pọ̀ ní gbogbo ìgbà, torí pé bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe nípọn tó ni wọ́n fi wọn bí ojú rẹ̀ yóò ṣe dagun. Bí a bá pọ́n ọn dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ń fá irùngbọ̀n ara rẹ̀ nìkan lè lò ó fún oṣù mélòó kan kí ó tó tún padà sórí òkúta.

Ohun tí yóò mú un pẹ́ bẹ́ẹ̀ ni awọ. Ṣé ẹ rántí bẹ́líìtì awọ gbọọrọ tí bàbá yín á ti fi kọ́ sára ìṣó? Kí ẹ tó fá irùngbọ̀n, ẹ fi abẹ náà gbo aṣọ líle ní ìgbà 20, kí ẹ sì wá fi gbo awọ ní ìgbà 50. Ẹ̀yìn abẹ ló ń ṣíwájú, ojú rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá dé ìparí awọ, orí ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ ti yí i padà, kí ó má gbéra kúrò lórí awọ. Ọmọ iṣẹ́ mi kan yí i padà lórí ojú rẹ̀, ló bá ge awọ mi sí méjì, abẹ náà sì kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ fa awọ náà le, nítorí pé bí ó bá dẹ̀, yóò ká mọ́ ojú abẹ, yóò sì mú kí ó kú. Kò sí eré níbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ yẹ kí ó máa ṣe é bí ẹni tí oorun ń kùn.

Bí ẹ bá ti ṣe èyí, ẹ wá bi mí léèrè nípa bí wọ́n ṣe ń dì í mú.

Ìyá Aránṣọ Ágíríìkì:

Obìnrin ni mí, ṣùgbọ́n ọkọ mi ń lo irú abẹ yìí, èmi ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀. Ohun méjì ni mo fẹ́ fi kún un. Omi kànga ilé wa kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Bí ẹ ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, ńṣe ni yóò dà bí omi èkó. Fún ìgbà pípẹ́ ni ọkọ mi fi ń fá irùngbọ̀n lórí ọṣẹ tí kò hó, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ tí ó lo omi òjò tí mo gbè sínú dúrọ́ọ̀mù ni ìfófó ọṣẹ náà tó nípọn, tó sì dúró lójú rẹ̀ láìṣàn. Bí omi yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lo omi òjò tàbí omi inú ọ̀rá, kò ju ife kan lọ.

Èkejì, bí ó bá ti fá a tán, mo máa ń fi aṣọ rírọ̀ nu abẹ náà gbẹ, títí kan ibi tí ó ti wọnú èèkù, nítorí pé ibẹ̀ ni omi máa ń sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà, mo máa ń kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ mi ẹyọ kan sí i, màá sì fi ìka nà án káàkiri, láti ẹ̀yìn wá sójú. Bí ó bá fẹ́ lò ó lọ́la, yóò kọ́kọ́ nu òróró náà kúrò. Ọdún mẹ́fà rèé, kò tíì dógùn-ún.

Bàbá Ìta Ẹlẹ́wà:

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí, abẹ yìí sì ni mo ń lò láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti hù lẹ́nu mi. Ohun tí onígbàjámọ̀ sọ nípa pípọ́n pé pérépéré. Èmi yóò sọ ti ọwọ́.

Láti ọdún 1904 tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ King Gillette ti gba ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà lórí ìfárùngbọ̀n oníbíléèdì rẹ̀, irin tó bo ẹ̀gbẹ́ bíléèdì ló ń dáàbò bo ara ẹni tó ń fá irùngbọ̀n. Abẹ tìrẹ kò ní irú irin bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ ni yóò ṣe iṣẹ́ náà, ọwọ́ méjèèjì pàápàá.

Ṣí abẹ náà títí èèkù yóò fi dúró sókè. Fi àtàńpàkò sábẹ́ irin tó wà láàárín ojú abẹ àti èèkù, kí o fi ìka mẹ́ta lé e lórí láti òkè, kí ọmọ ìka sì sinmi lórí ìrù kékeré tó yọ sẹ́yìn. Dì í mú bí ìgbà tí o bá di ọwọ́ ọmọ jòjòló mú: kò gbọ́dọ̀ bọ́, o kò sì gbọdọ̀ fún un. Bí èékánná rẹ bá ti ń funfun, o ti ń fún un jù. Gbé abẹ náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ pẹlẹbẹ, kí ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọ kan ara rẹ. Wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lára díẹ̀, kí àlàfo ibẹ̀ tó ìlọ́po méjì bí ẹ̀yìn abẹ náà ṣe nípọn tó. Ibẹ̀ ni kí o dúró sí. Bí o bá gbé e sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa họ ara bí ẹni ń họ ìpẹ́ ẹja, yóò sì gé ọ. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa fa irun. Igun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó gé ọ yẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé ojú rẹ yí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ kò yí. Awọ ibẹ̀ ni kí o fà gòkè kúrò lórí eegun, kí ó wá sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó tẹ́jú, kí o tó gbé abẹ lé e.

Síwájú nìkan ni abẹ ń lọ, lọ́nà tí ojú rẹ̀ kọ sí. Kò gbọdọ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rárá, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ọmọ irun kan. Ẹni tó ń gé àlùbọ́sà ló ń fa ọ̀bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fífá kan kò gbọ́dọ̀ gùn ju ìdajì ìka lọ. Bí o bá fẹ́ dúró, kọ́kọ́ gbé abẹ kúrò lára. Bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́, má dáhùn títí abẹ yóò fi kúrò lójú rẹ. Kí àwọn ará ilé rẹ mọ èyí, kí o sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọdé.

Wò ó, àpá kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi. Kì í ṣe ìgbà tí mo ń fá irùngbọ̀n ni mo gbà á. Ọwọ́ mi lọ́ṣẹ, abẹ já bọ́, mo sì sáré hán an. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ìka mi àárín kò sì tíì tọ́ dáadáa títí di òní. Bí abẹ bá ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kí ó bọ́. Fò sẹ́yìn, kí o fi ẹsẹ̀ sá fún un. Abẹ ṣe é tún pọ́n. Nu ọwọ́ rẹ gbẹ nígbà gbogbo, kí o sì tẹ́ aṣọ ìnura sílẹ̀ níbi tí o bá dúró sí.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Mo fẹ́ sọ nípa ara àti ẹ̀jẹ̀.

Irun tiwa ń ká. Bí abẹ bá gé e mọ́lẹ̀ jù, ṣóńṣó rẹ̀ lè yí padà wọnú awọ ara bí ó bá tún ń hù, èyí ló sì ń fa àwọn kókó tó ń yún tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa ní ní ọrùn. Nítorí náà, bí irun ṣe ń lọ ni kí ẹ máa fá a, kí ẹ má ṣe fá a lódìkejì, kí ẹ má sì fa awọ ara le jù, nítorí pé irun tí a fà jáde kí a tó gé e yóò padà sínú ihò rẹ̀. Ẹni tí egbò rẹ̀ máa ń wú di àpá ńlá tó le, bí a ti ń rí i ní ẹ̀yìn orí àti ní àgbọ̀n àwọn kan, kí ó má fi abẹ kan ojú rẹ̀ rárá. Kílípà dára fún un jù.

Bí ó bá gé yín, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣí i wò. Ṣíṣí i wò lásìkò yẹn ló máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú kí omi tòrò dára fún ibi tí abẹ bá gé díẹ̀: ẹ fi omi tútù rẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi pa ojú ibẹ̀. Yóò ta yín díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì dá. Ẹ jẹ́ kí álọ́ọ̀mù tiyín wà lọ́tọ̀. Ẹ má fi kẹrosíìnì sí ojú egbò. Bí ẹnu egbò bá là sílẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá sì ti ju ọdún 10 lọ tí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì gbẹ̀yìn, ẹ lọ gbà á.

Ẹ má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní abẹ yín, ìbáà ṣe ọmọ ìyá yín. Kòkòrò àrùn hẹpatáítìsì B lè wà láàyè lára ohun gbígbẹ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí sì ti tó láti gbé e. Sípírítì dára fún abẹ tí ẹnìkan ṣoṣo ń lò, ṣùgbọ́n kò tó láti sọ ọ́ di ohun tí ẹni méjì lè jọ máa lò.

Ọmọ Ọjà Òkè:

Kí ló dé tí ẹ kò ra èyí tí wọ́n ń ki bíléèdì sí? Ìdajì bíléèdì kan la ń ki sí i, bí ó bá kú, a ó sọ ọ́ nù. Kò nílò awọ, kò nílò òkúta, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Onígbàjámọ̀ Sábó:

Òun ni mo ń lò fún àwọn oníbàárà mi, nítorí pé orí kan, bíléèdì kan ni, gẹ́gẹ́ bí Nọ́ọ̀sì ti wí. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń kọ́ ọ, ó le ju abẹ gidi lọ. Ó fúyẹ́, nítorí náà ọwọ́ kì í mọ ibi tó wà. Bíléèdì tuntun mú kọjá bó ti yẹ, igun rẹ̀ méjèèjì sì dúró ṣóńṣó. Àṣìṣe tí abẹ bàbá Ọmọ Èbúté yóò fojú fò, ẹ̀jẹ̀ ni oníbíléèdì yóò fi dáhùn. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nìkan, kí ó kọ́kọ́ fi kọ́ ọwọ́ lára fèrè aláfẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọdé ń fi ṣeré: ẹ fọn ọ́n, ẹ fi ọṣẹ kùn ún, kí ẹ fá ọṣẹ náà kúrò láìbẹ́ ẹ. Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn.

N óò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì lórí ohun kan. Wọ́n ní kí a má fa awọ ara le jù. Òótọ́ ni ní ti kókó ọrùn. Ṣùgbọ́n awọ tó bá dẹ̀ yóò ká jọ níwájú abẹ, abẹ yóò sì gùn ún. Ẹni tí kò bá fa awọ ara rẹ̀ rárá kò lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dẹ́:

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ fà á títí yóò fi tẹ́jú, kí ẹ dúró níbẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ti ń dán, ó ti le jù. Ní ọrùn pàápàá, ohun tó dára jù ni kí ẹ gbé àgbọ̀n sókè kí ọrùn fúnra rẹ̀ tẹ́, kí ìka kan péré sì di awọ mú láti ìsàlẹ̀.

Onígbàjámọ̀ Sábó:

Ẹ ṣeun, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọ Èbúté, ẹ jẹ́ kí irun náà hù fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá fi ìka pa á káàkiri láìsí ọṣẹ. Ọ̀nà tí ìka bá gbà tó ń jọ̀lọ̀ ni irun ń lọ, ọ̀nà tí ó bá gbà tó ń ha ọwọ́ ni òdìkejì rẹ̀. Ti ọrùn kì í sábà lọ bíi ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti ẹlòmíràn a máa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ti ẹlòmíràn a máa gòkè. Mo fura pé ohun tó là yín lábẹ́ àgbọ̀n nìyẹn: ẹ fá a wá sísàlẹ̀ bíi ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, irun náà sì kọ ojú síbòmíràn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni kí ẹ máa fi abẹ fá. Ẹ fi ohun tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ parí ìyókù.

Ọmọ Èbúté:

Mo padà wá, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé síbí. Mo gbé abẹ náà lọ sí Sábó, wọ́n sì fi òkúta pọ́n ọn lójú mi. Kí wọ́n tó pọ́n ọn, wọ́n jẹ́ kí n fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ojú rẹ̀: ó rí bí eyín ayùn, ihò kéékèèké ìpáàrà sì wà níbẹ̀ tí n kò fura sí rárá. Nígbà tí wọ́n pọ́n ọn tán, wọ́n gbé e sún mọ́ irun apá mi láìkan awọ ara, irun náà sì ń já bọ́.

Mo tún rí àṣìṣe kan tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò mẹ́nu bà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti máa ń fá irùngbọ̀n ní ìdájí, iná ọba kì í sì sábà sí, nítorí náà ojú kan nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí, òjìji ọwọ́ mi sì ń bo ìkejì. Mo ti gbé dígí náà lọ síbi fèrèsé, mo sì ń dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ dáadáa. Mo máa ń fi aṣọ ìnura tí mo rẹ sínú omi gbígbóná bo ojú fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni mo tó fi ọṣẹ kùn ún. Nígbà tí abẹ bá ń lọ, mo máa ń gbọ́ ìró rẹ̀, ó ń dún ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń fi ìka fa bébà. Irú ìró bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn bàbá mi. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ̀jẹ̀ yọ, ní ẹ̀gbẹ́ etí, álọ́ọ̀mù sì dá a dúró.

Mo ti fẹ́ kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ báyìí. Ṣé àgbọ̀n ni kí n kàn, tàbí òkè ètè?

Bàbá Ìta Ẹlẹ́wà:

Ọrùn ni kí o kàn, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì nìkan. Fi gògóńgò sílẹ̀ ná. Nígbà tí o bá dé ibẹ̀, dá itọ́ mì kí o sì dúró, yóò gòkè, o ó sì fa awọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí o tó fá a. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bọ́ sí òkè ètè: fa ètè sísàlẹ̀ bo eyín, kí o fá a wá sílẹ̀ ní kúkúrú kúkúrú, kí ṣóńṣó abẹ má kan imú. Àgbọ̀n ni ìgbẹ̀yìn, nítorí pé ó rí roboto, irun rẹ̀ ló sì le jù. Fi ọṣẹ kun ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí o jẹ́ kí ó rọ̀ nígbà tí o bá ń fá ibi tó kù.

Ọmọ Èbúté:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni n óò bẹ̀rẹ̀ ti ọrùn.